Ẹni Tó Jókòó Ti Mọ́tò Lọ́jọ́ Sunday

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n wọ aṣọ dúdú wá síbí lónìí. Ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Oyún ìyàwó mi ti tó bí. Àárọ̀ Sunday ni ìrọbí mú un, mo ti wọ aṣọ kúáyà. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Yéè! Mo sítáàtì mọ́tò mi, ó kọ̀ jálẹ̀. N ò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo gbàdúrà kúkúrú, mo sáré dé ibùdókọ̀ Fájuyì, kò sí takisí kan ṣoṣo. Mẹkáníìkì mi wà níbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn onítakisí wà níbí. Wọ́n ń kọrin, wọn ò ṣe nǹkan burúkú.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo rí Bàbá Títí, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n jókòó ti mọ́tò ìjàpá wọn, wọ́n ń ka Bíbélì. Ẹ mọ ohun tí à ń sọ nípa wọn ládùúgbò: Bàbá ti di kèfèrí, mọ́tò ni wọ́n ń bọ ní Sunday. N ò tí ì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi dìde.

A gbé ìyàwó mi dé ọsibítù. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ. Èmi àti Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo wá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kì í fi í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, àìsàn kì í sinmi ní Sunday. Bí gbogbo yín bá wọlé lọ, ta ni yóò gbé aláìsàn? Uṣẹ́ temi rèé. Orin yín ń wù mí o, mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí.”

Ìyá yè, ọmọ yè, obìnrin ni. Àwọn àgbà ìjọ ní kí n mú Bàbá wá ká jọ dúpẹ́. Bàbá ní bí àwọn bá wá, ta ni yóò jókòó ti mọ́tò?

Mo ti tún mọ́tò mi ṣe. Sunday tó ń bọ̀, ẹ ò ní rí mi. Bàbá Títí lẹ máa rí lórí àga mi nínú kúáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní ìwé orin. Ẹ bá mi yọ̀, ògo ni fún Ọlọ́run. Sunday tó tẹ̀lé e ṣì ṣófo, kò tíì sẹ́ni tó máa jókòó ti mọ́tò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ẹ nawọ́, mo ń wò yín.