Ọmọ Tí Mo Bí Ń Pè Mí Ní Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá yà sí ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lónìí, ẹ ó bá ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó kẹ̀yìn sí mi, tó ń wo títì. Ọmọ mi ni. Èmi ni mo lóyún ẹ̀, èmi ni mo rọbí ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá pè é, kò ní dáhùn. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ díẹ̀, á sì rọra ti abọ́ sẹ́yìn bí àlejò tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnu yẹn kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀ o! Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ṣùgbọ́n èmi sunkún títí, n kò rí ọ̀nà kankan níwájú mi mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú yín, bóyá ẹnìkan nínú yín á mọ ohun tí mo lè ṣe.

Ọsibítù aládàáni kan ní Yábà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibi tí àwọn aboyún ti ń bímọ. A kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Bí mo bá jáde nílé láàárọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì kí n tó padà, bí mo bá sì délé náà, ìsinmi kò tíì dé. Mo lè ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ sára kí n gbọ́ fèrè mọ́tò ìjàpá tí dókítà tó ni ọsibítù máa ń rán wá, kí awakọ̀ máa pariwo níta pé, "Nọ́ọ̀sì! Wọ́n ń pè yín o!" Ọmọ ẹlòmíì ń bọ̀ wáyé, mo gbọ́dọ̀ lọ gbà á. Gbogbo ilé tí a háyà yàrá sí ní Àgùdà ló mọ fèrè náà. Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè mí, bí ẹni pé n kò ní orúkọ mìíràn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Mùṣin, òun náà kì í tètè dé. Ta ni yóò wá tọ́jú Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí?

Àǹtí Àṣàkẹ́ ni. Yàrá tiẹ̀ dojú kọ tiwa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Télọ̀ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì jù mí lọ dáadáa. Ó ti lọ́kọ rí, ṣùgbọ́n nígbà tí kò rọ́mọ bí, àwọn ará ilé ọkọ fi ojú ẹ̀ rí màbo, ló bá kó ẹrù ẹ̀ wá sí Èkó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí mo bímọ, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ń ké lọ́wọ́ mi, omijé ń bọ́ lójú èmi náà. Ó kàn jáde ni, ó na ọwọ́, ó ní, "Gbé e wá. Ṣé kí n máa wò ẹ́ níran ni?" Ó pọ̀n ọ́n, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọmọ sì sùn lọ fọnfọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ọmọ mi wà tó fi hu eyín, ìdí ẹ̀rọ ẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn. Èmi ìyá, ńṣe ni mo máa ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ó wá di ọjọ́ kan, ara àwa nọ́ọ̀sì kò gbà á mọ́. Ọ̀kan nínú wa dákú lórí ìdúró níbi tó ti ń di aboyún kan mú. A kó ara wa jọ, a lọ bá mátírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ọ̀gá wa, mátírọ́ọ̀nù lọ bá dókítà. Dókítà kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé a fẹ́ pa ọsibítù òun ni, ṣùgbọ́n ó gba nọ́ọ̀sì tuntun kún wa níkẹyìn, wọ́n sì tún iṣẹ́ pín. Mátírọ́ọ̀nù pè mí, ó ní, "Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, láti Mọ́ńdè, ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn aboyún wò ni o ó máa wà. Àárọ̀ sí ọ̀sán, kò sẹ́ni tí yóò pè ẹ́ mọ́. Sátidé àti Sọ́ńdè, jókòó sílé ti ọmọ ẹ." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ títí ó fi ní kí n dìde. Àdúrà mi ti gbà!

Mọ́ńdè yẹn, oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí mo wọlé, mo mú bàtà pupa kan tí mo rà fún un dání. Orí ẹsẹ̀ Àǹtí Àṣàkẹ́ ni mo bá a tó ń jẹ ẹ̀bà. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ní, "Mọ́rẹ́, wá bá mọ́mì!" Ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá yíjú sí Àǹtí Àṣàkẹ́: "Màámi, Nọ́ọ̀sì ti dé." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀rín wo ló wà níbẹ̀?

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ díẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń fà á wá sí yàrá wa, ojoojúmọ́ ni òun náà ń gbá ilẹ̀kùn, tó ń ké "Màámi!" títí ohùn ẹ̀ á fi há. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, á bù mí jẹ. Èmi tí mo ti gba àìmọye ọmọ sáyé, n kò mọ bí mo ṣe lè rẹ ẹyọ kan tó jẹ́ tèmi lẹ́kún. Kì í ṣe pé Àǹtí Àṣàkẹ́ ṣe ohun tó burú o. Á máa sọ fún un pé, "Lọ, ọmọ dáadáa, ìyá ẹ nìyẹn." Nígbà mìíràn á ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí ọmọ lè rò pé òun kò sí nílé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá lé e wá bá mi, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé ó ń ta mí lọ́rẹ. Kí wọ́n máa fi ọmọ mi ta mí lọ́rẹ! Owú ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Sátidé kan, Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣubú lágbàlá, orúnkún ẹ̀ bó. Mo ti sáré mú oògùn jáde, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dè é, nígbà tó sá kọjá lára mi tó lọ kó sí àyà Àǹtí Àṣàkẹ́. Níwájú gbogbo ayálégbé! N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi: "Àǹtí, ẹ lọ bí tiyín, kí ẹ fi tèmi sílẹ̀ fún mi!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin náà kò bú mi, kò ṣépè. Ó rọra tú ọwọ́ ọmọ kúrò lọ́rùn ara ẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, o ṣeun," ó wọlé lọ. A kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọkọ mi dé tó gbọ́, ó di orí mú. Ó ní, "Ṣé ẹnu tìẹ lo fi sọ ìyẹn? Lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ báyìí." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èmi tilẹ̀ tún fi èébú lé e. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí n lè wo ojú ẹ̀. Dípò kí n lọ kúnlẹ̀, yàrá mìíràn ni mo lọ wá sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọkọ mi kọ̀ ọ́, mo ní bí kò bá tẹ̀lé wa, èmi àti ọmọ mi á lọ. Ọjọ́ tí a ń kó ẹrù, Àǹtí Àṣàkẹ́ kò jáde sí wa, àpò kan la bá lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ ọmọdé ló wà níbẹ̀: èyí tó bá Mọ́rẹ́nikẹ́ mu, èyí tó jù ú lọ díẹ̀, àti èyí tí kò lè bá a mu àfi bó bá ti ń lọ sílé ìwé. Ó ti rán aṣọ ọjọ́ iwájú tí òun kò ní sí nítòsí láti rán.

Nílé tuntun, ọmọ náà ké títí, ó wá dákẹ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Àṣé ohùn ẹ̀ ló gbé mì! Mo gbé e lọ bá dókítà wa, ó yẹ ọ̀fun ẹ̀ àti etí ẹ̀ wò, ó ní kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Ọkọ mi ní, "Ibi tí o gbàgbé ohùn ẹ̀ sí, lọ mú un wá." Mo di ọwọ́ ọmọ mú, a lọ sí Àgùdà lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan. Bí a ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó já ara ẹ̀ gbà, ó sáré, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn: "Màámi! Màámi, mo ti dé!" Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn. Ohùn ọmọ mi ni mo gbọ́! Ó lù ú, ó lù ú, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyàwó onílé ló jáde sí wa, ó ní Àǹtí Àṣàkẹ́ ti ta ẹ̀rọ ẹ̀, ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní Èkó ti sú òun. Mọ́rẹ́nikẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó yíjú padà, ó wò mí. Kò sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀.

Gbogbo Sátidé tí wọ́n fún mi pé kí n fi jókòó ti ọmọ mi, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń ná an sí. Àwọn àgbà tí mo bá níbẹ̀ á bi mí pé ọmọ ilé ta ni, kí ni orúkọ bàbá ẹ̀. Kí ni kí n wí? Àṣàkẹ́ mélòó ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́! Obìnrin tó pọn ọmọ mi dàgbà, n kò béèrè orúkọ bàbá ẹ̀ rí. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju ohun tó bá pọn dandan lọ. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ṣé kí n padà sí iṣẹ́ àìsùn, kí n máà máa wo ẹ̀yìn ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà mọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ abiyamọ tí ẹlòmíì ń bá pọnmọ, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ọmọ tó bá ní ìyá méjì, èyí tó bá ní òun nìkan ni yóò jẹ́ ìyá ẹ̀ ló máa ń jìyà ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá rí télọ̀ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó kọ gọ̀ǹbọ́, tó ti Èkó dé láìpẹ́, ẹ bá mi dá a dúró. Ẹ má sọ fún un pé èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́, n kò ní ẹnu ẹ̀bẹ̀. Ẹ kàn sọ fún un pé Mọ́rẹ́nikẹ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́.