Ọjọ́ Tí Mo Ṣẹ́ Séfà Láì Béèrè Réètì

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni mo gbé dání lówùúrọ̀ yìí, kò sì wúwo lọ́wọ́ mi rárá. Ọlọ́run tó ń la ojú afọ́jú ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ojú ìyá mi, àti nítorí tèmi náà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Monsieur Taux ni àwọn ará ọjà Ndokoti ń fi Faransé wọn pè mí, ẹ̀yin ń pè mí ní Bọ̀dá Réètì. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni mo kà ní yunifásítì, ẹ̀yà ara mọ́tò ni mo ń tà, mi ò sì lè ta pulọ́ọ̀gì kan láì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náírà fún oníbàárà. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sílé, ọ̀dọ̀ mi lẹ ti ń wá béèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ séfà, owó ìlú tí a wà yìí, sí náírà. Ẹ̀yìn ìwé orin mi ni mo ń kọ ọ́ sí. Bàbá mi ló ni ìwé orin náà, òun náà sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, náírà kan ṣoṣo ń gba séfà rẹpẹtẹ. Bó bá fi owó oṣù kan ránṣẹ́, ohun tó ń dé ọwọ́ àwọn ará ilé kò ju owó iyọ̀ lọ. Nígbà tó fi máa kan ojú ewé tèmi, náírà ti ń já bọ̀ bí ẹni já láti orí ọ̀pẹ, títí séfà fi bá a dọ́gba, tó sì kọjá rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tí séfà kọjá náírà yẹn, mo dìde níbí yìí, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti gbé wa lékè. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ ní ká gbàdúrà kí náírà lè gbérí. Àmín tèmi kò jáde dáadáa.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tọ́jú Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí pé awọ funfun ti bo ojú Màmá méjèèjì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, pé bó bá pẹ́ jù, ojú náà lè kú pátápátá. Ó dárúkọ iye owó. Séfà tó wà lọ́wọ́ mi lè ṣe ojú kan lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò kàwé ìbá ti fi ránṣẹ́. Èmi ṣí ẹ̀yìn ìwé orin. Mo rí i pé náírà ṣì ń já wálẹ̀, mo ní bí mo bá ní sùúrù díẹ̀, owó kan náà á ṣe ojú méjèèjì. Mo dúró. Réètì dára sí i. Ilé ìwòsàn náà sì fi kún owó wọn. Àṣé dókítà ń ka réètì bíi tèmi. Mo tún dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀, mo ṣì dúró. Ìgbàgbọ́ ni mo ń pè é.

Màmá kò fi ọ̀rọ̀ owó náà lọ̀ mí rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi la máa ń pe ara wa lórí fídíò, á sì sọ pé mo ti sanra. Mo gbà pé ó ń rí mi. Mi ò mọ̀ pé òjìji lásán ló kù tó ń rí.

Lọ́jọ́ kan, a ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo fi fóònù ti ìwé orin lórí tábìlì, mo ní mò ń lọ mu omi. Aládùúgbò kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà, ìyàwó mi dúró sáàárín pálọ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Fóònù náà ti yí, ó ti kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá, níbi tí mo gbé kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì mi kọ́ sí. Màmá sì ń bá kóòtù náà sọ̀rọ̀.

"Àkànní, o ò dá mi lóhùn mọ́. Ṣé inú ń bí ẹ ni? Bó bá jẹ́ ti owó ojú yìí ni, fi sílẹ̀. Mo ti mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Ohùn rẹ ni kí n ṣáà máa gbọ́."

Kóòtù kò fèsì. Ìyàwó mi, tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà ọyẹ́, rọra bi mí pé, "Bàbá Tómíwá, eélòó ni réètì lónìí?"

Ní ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Nkololoun. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ndokoti ni mo ti gbàdúrà kan ṣoṣo: Olúwa, má jẹ́ kí ojú yẹn kú nítorí ọgbọ́n mi. Mo dé ọ̀dọ̀ Alàájì Múfú, ọmọ Ìwó tó ń bá gbogbo wa ṣẹ́ owó, mo kó séfà sílẹ̀, mo ní kó fi ránṣẹ́ kíá. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé náírà gbérí, réètì ò tíì burú tó báyìí láti oṣù mẹ́ta, kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún mi, Alàájì."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Bọ̀dá Réètì, ṣé ara yín yá?"

"Ojú ìyá mi ni."

Ó ka owó náà, ó yọ èrè tirẹ̀ sápá kan, ó wò ó, ó tún dà á padà sórí tèmi. Ó ní òun kì í jẹ èrè lórí ojú ìyá ẹni. Ẹ̀yin ará, mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ: ẹni tí Ọlọ́run fi dá mi lóhùn, mọ́sálásí ló ń lọ. Ojú kan ni owó náà ṣe, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ṣe nígbà ọyẹ́. Gbogbo ọgbọ́n oṣù mẹ́fà yẹn kò fi ìpéǹpéjú kan kún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú Màmá. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí pẹ́. Ó ní mo ti hewú, mo sì rù, pé ta ló sọ pé mo sanra. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ kọjá èjìká mi lọ sára ilẹ̀kùn. Ó wo kóòtù, ó wò mí, ó tún wo kóòtù.

"Àkànní, ṣé òun ni mo ń bẹ̀ lọ́jọ́sí?"

Mo ní, "Òun ni, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ẹ̀gbọ́n mi sì ń kígbe pé dókítà ní omi ò gbọdọ̀ kàn án. Màmá ní, "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ tèmi."

Òun ni mo wọ̀ yìí. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé Olúwa ga, fún ojú kan. A ti ń kó owó ojú kejì jọ. Ọjọ́ tó bá pé ló ń lọ. Ẹ dákun, bí a bá parí ìsìn, ẹ má bi mí ní réètì, ẹ lọ bá Alàájì. Ṣùgbọ́n bí pásítọ̀ bá tún ní ká gbàdúrà kí náírà gbérí, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Àmín tó bá dún jù, tèmi ni.