Abẹ́rẹ́ Giramafóònù ní Abà Ọdẹ́jàyí

Ẹ̀yin òǹkàwé Agbórin, ojú-ìwé àárín yìí ni ẹ ti máa ń rí àwòrán olórin. Lóṣù yìí, kò sí olórin níbẹ̀. Èmi ni mo gba ààyè náà, nítorí ohun kan wà nínú mi láti ọdún 1959 tí n kò lè gbé pamọ́ mọ́. Láyí Ajíbádé ni orúkọ mi. Èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ káàkiri àwọn abà ẹ̀bá Lálúpọn kí ìwé yìí tó jáde, tí mò ń bi yín léèrè irú ìwé orin tí ẹ fẹ́. Bí ìwé náà bá wù yín, ohun tí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ni a fi tò ó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí mo dá kí ẹ tó lanu, àti ohun tí ọgbọ́n náà dá sílẹ̀, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo purọ́ mọ́ obìnrin kan, irọ́ náà sì lé e kúrò nílé. Màá sọ gbogbo rẹ̀ lónìí, n kò ní fi ìkankan pamọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yunifásítì nígbà náà. Tíṣà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá mi, wọ́n sì fẹ́ kí èmi náà di tíṣà, ṣùgbọ́n n kì í lè jókòó sójú kan. Àlọ́ àpamọ̀ ni mo fẹ́ràn láti kékeré. Bí nǹkan bá ti ta kókó, n kì í lè jẹun títí n ó fi tú u. Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, tó fẹ́ dá Agbórin sílẹ̀, ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ti ṣe èèpo ìwé méjì fún àpẹẹrẹ. Olórin kan ṣoṣo ló wà lára ọ̀kan, ó wọ kóòtù, ó de táì. Gbogbo ẹgbẹ́ olórin ló wà lára èkejì, gbogbo wọn mú ohun èlò dání. Àwọn ará Ìbàdàn tí a fi hàn ti mú oníkóòtù. Ọ̀gá mi ní, “Láyí, ará oko ló ń ra àwo orin jù nígbà tí wọ́n bá ta kòkó tán. Lọ bi wọ́n. Àwòrán wo? Lẹ́tà ńlá àbí kékeré? Kí ni wọ́n fẹ́ kà níbẹ̀? Bí o bá mú òfo bọ̀, màá ṣe é bó ṣe wù mí, ìwọ náà á sì lọ wá iṣẹ́ mìíràn.”

Abà Ọdẹ́jàyí ni mo kọ́kọ́ yà sí. Opó kan tó ń ta gàrí lọ́jà Lálúpọn ló gbà mí sílé. Fàtímọ̀ ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Bàṣírù ni gbogbo abà ń pè é. Ó ní, “Akọ̀wé, bí ẹní wa bá tó ọ sùn, sùn.” Ní ọjọ́ kejì mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baba Jùbrílù, baálẹ̀ abà náà. Mo ní, “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní giramafóònù nílé?” Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo kẹ̀kẹ́ mi. “Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?” “Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ni, Baba.” “Orin kẹ̀? Àgbẹ̀ ni wá. A kì í gbọ́ orin níbí.” “Baba, mo gbọ́ sákárà nígbà tí mò ń bọ̀ lánàá.” “Ẹyẹ ni.” “Ẹyẹ tó ń kọ sákárà, Baba?” “Ẹyẹ ibí yìí gbọ́n.” Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n jókòó. Bákan náà ni wọ́n dá mi lóhùn ní ilé gbogbo. Ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ kan, Àrẹ̀mú, búra fún mi pé òun ò fẹ́ràn orin, bẹ́ẹ̀ mo ń wo irin tí wọ́n fi ń yí giramafóònù tó yọ jáde lábẹ́ àpò kòkó lẹ́yìn rẹ̀.

Owó orí ni wọ́n ń sá fún. Àwọn tó ń díwọ̀n owó orí kì í bèèrè iye tí ènìyàn ní. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́: páànù lórí ilé, kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, giramafóònù ní yàrá. Ẹni tó bá wọ bàtà dé láti Ìbàdàn, tó ń bèèrè ohun tó wà ní yàrá onílé, kí ni wọn ìbá pè é bí kò ṣe agbowó-orí? Ìyá Bàṣírù ló yọ mí. Ó mú mi lọ́wọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Ó ń wí fún wọn pé, “Ọmọ mi ni. Bí ẹ bá rí aburú lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti bèèrè.” Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Síbẹ̀ èsì wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń gbọ́ orin ní tòótọ́, kí n lè mọ ẹni tí n ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Mo wá ronú kan abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní giramafóònù mọ̀ pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kú, ó sì ṣòro láti rí rà lóko. Mo lọ Ìbàdàn, mo ra abẹ́rẹ́, mo ra ìṣáná. Ní ilé kọ̀ọ̀kan mo na méjèèjì síwájú wọn. Mo ní ẹ̀bùn ni, kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n. Ẹni tí kò ní giramafóònù, kí ni yóò fi abẹ́rẹ́ ṣe? N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Àrẹ̀mú fi ki abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Baba Jùbrílù wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, “Màá bá ẹyẹ mú un.” Ìyá Bàṣírù mú ìṣáná.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò fẹ́ oníkóòtù. Àrẹ̀mú ní, “Ọwọ́ àwọn tó ń lu nǹkan ni kí ẹ jẹ́ ká rí. Kí la fẹ́ fi táì ṣe?” Wọ́n fẹ́ lẹ́tà ńlá, kí àgbà tó kàwé díẹ̀ lè kà á láì wá awò ojú. Wọ́n fẹ́ ọ̀rọ̀ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Bàṣírù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní, “Ògiri la máa ń lẹ àwòrán mọ́. Bí a bá ti lẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀kan sílẹ̀ fún wa.” Ibẹ̀ ni ojú-ìwé àárín Agbórin ti wá.

Ibi tí ìyà ọ̀rọ̀ yìí wà nìyí. Mo pàdé Ọlájídé ní ilé ọtí kan lẹ́bàá réluwéè ní Lálúpọn. A jọ lọ sí iléèwé ni, iṣẹ́ owó orí ló sì ń ṣe. Ó ní, “Láyí, àwọn ará abà yìí á pa mí. Gbogbo wọn ló ń di tálákà bí wọ́n bá ti rí mi.” Mo ní, “Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n bi.” Mo sọ ti abẹ́rẹ́ àti ìṣáná fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Orí rẹ pé, ọ̀rẹ́! Ta ló wá mú abẹ́rẹ́?” Mo mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn rẹ̀ ti wọ̀ mí lára, mo sì ka ilé wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

Kò pẹ́ tí àwọn agbowó-orí dé pẹ̀lú akódà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Wọn ò yà sí ilé tó mú ìṣáná. Ilé abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ń wọ̀, tààrà sí yàrá. Wọ́n gbé giramafóònù jáde. Àrẹ̀mú di tirẹ̀ mú kò jẹ́ kó lọ, wọ́n lù ú, wọ́n sì mú òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, gbogbo abà pé jọ síwájú ilé Baba Jùbrílù, àwọn ọ̀dọ́ kan mú àdá dání. Baba kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, “Àlejò kò mọ yàrá wa. Ẹnì kan ló tọ́ka. Akọ̀wé, ṣé ìwọ ni?” Kí n tó dáhùn, Ìyá Bàṣírù ti dìde. “Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ mi, Baba. Èmi ni mo mú un wá, mo mọ̀ ọ́n.” Mo wo àdá. Mo rántí ọ̀gá mi, mo rántí ìwé tó kù díẹ̀ kó pé. Mo ní, “Baba, mi ò fẹ́ sọ ọ́ ni. Mo rí Ìyá Bàṣírù pẹ̀lú akódà lọ́jà Lálúpọn. Wọ́n forí korí.”

Òótọ́ ni mo rí wọn. Ó ń wọn gàrí fún un ni.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Wọn ò sì wọ ilé tirẹ̀!” Òmíràn ní, “Òun náà ló mú Akọ̀wé wọ ilé wa!” Ìyá Bàṣírù yíjú sí mi. “Akọ̀wé?” Mo wo ilẹ̀.

Wọn ò nà án. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni. Bó bá dé odò, àwọn obìnrin á gbé omi wọn kúrò. Bó bá wá síbi tí wọ́n ti jọ ń dín gàrí, iná á kù fún òun nìkan. Àrẹ̀mú padà dé, ó ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Bàṣírù. Níkẹyìn, ìyá náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo. Agbórin jáde, ó tà, ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá mò ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Alákía láti ya àwòrán olórin kan. Mo rí obìnrin kan tó pàtẹ gàrí lẹ́bàá ọ̀nà, ojú-ìwé àárín wa lẹ̀ mọ́ pákó lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni. Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ mà fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́. Ó dára.” Mo wólẹ̀ sórí eruku. Mo ní, “Mà, èmi ni.” Ó ní, “Mo ti mọ̀. Gbogbo wọn ló ń wò mí lọ́jọ́ náà, ìwọ nìkan ni o ò lè wò mí.” “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?” “Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ṣé ọmọ mi kọ́ ni mo pè ọ́?” Mo bẹ̀ ẹ́ kí a jọ lọ sí Abà Ọdẹ́jàyí lọ́jọ́ náà gan-an. Ó mi orí. Ó ní, “Mi ò ní tẹ̀lé ọ. Ìwọ lo mú ọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀, lọ kó o kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kó ṣáájú mi délé.”

Ọ̀gá mi kò fẹ́ kí n tẹ èyí. Wọ́n ní, “Bí wọ́n bá kà á, ta ni yóò tún dá wa lóhùn mọ́?” Ó ṣeé ṣe kó má sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, tí wọ́n bá rán yín lọ bi ará oko léèrè ọ̀rọ̀, ẹ rántí pé ẹni tó lanu fún yín ti ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni.

Baba Jùbrílù, Àrẹ̀mú, gbogbo Abà Ọdẹ́jàyí, èmi ni mo tà yín. Ìyá Bàṣírù kò mọ nǹkan kan. Ẹ ṣe mí bó bá ti wù yín. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà Lálúpọn tó ń bọ̀, n kò ní gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe èyí fún mi kí n tó dé. Lẹ́tà ojú-ìwé yìí tóbi, àgbà yóò rí i kà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, kò sí ohun tí yóò ṣòfò. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé Ìyá Bàṣírù, níbi tí yóò ti kọ́kọ́ rí i nígbà tó bá ń wọlé.