Ìyá Ìyàwó Rere Inú Fíìmù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, èmi fúnra mi ni mò ń rí ara mi lára. Ní ọjà Kútọ̀ níbi tí mo ti ń ta abọ́, Ìyá Ìyàwó Rere ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn ya fọ́tò. Ta ni rere? Èmi tí mo fọwọ́ ara mi lé ọmọ mi lọ?

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló wá sí agboolé wa ní Kémta. Eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín ni, ti ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan tó fẹ́ràn ọmọ Íbò. Ọmọkùnrin yẹn á máa jẹ ọbẹ̀ ata ọ̀fàdà, omi á máa dà lójú rẹ̀, nítorí kó lè wu àwọn àna. Obìnrin tó yẹ kó ṣe ìyá ìyàwó kò lè wá, olùdarí eré bá ní kí n bọ́ síbẹ̀. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, mo fà á dìde, mo ní, “Dìde, ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi dénú, èmi ni mo bí i.” Omijé gidi ló bọ́ lójú mi. Rúkà, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, wà níbẹ̀, òun náà ń sunkún.

Mi ò mọ̀ pé ọmọ yìí gba ọ̀rọ̀ eré gbọ́. Kò pé oṣù kan tó mú ọkùnrin tirẹ̀ wá, Sùlé, Ìgbìrà láti Òkénè, tó ń ṣiṣẹ́ ní oko adìyẹ kan ní Kọ́bapẹ́. Mi ò ní fi ẹ̀sìn bojú, Mùsùlùmí bíi tèmi ni. Ìgbìrà tó jẹ́ gan-an ni mi ò fẹ́. Àwọn Ìgbìrà ló ń bá bàbá mi roko ní Owódé, ṣé ọmọ wọn ni yóò wá di àna mi? Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ìrẹsì ọ̀fàdà wà níwájú mi, mo ń ṣa òkúta inú rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́nìkan nílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo fi ìborùn bo imú, mo ní, “Rúkà, ìgbẹ́ adìyẹ wo ló ń rùn báyìí?” Àbúrò ọkọ mi tó jókòó tì wá ló ní, “Ó tó, ọ̀gbẹ́ni, dìde.” Sùlé gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó sì lọ. Rúkà kàn ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

Bàbá rẹ̀ ti kú, àbúrò ọkọ mi yìí náà ló fà á fọ́kọ. Òkénè ni wọ́n ti so yìgì, wọn ò sọ fún mi títí ó fi parí. Ó ti bí ọmọkùnrin kan tí mi ò tíì fojú kàn. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀. Fíìmù wá jáde, gbogbo ìlú ń wò ó, àwọn ìyá ń mú ọmọ wọn wá bá mi fún ìmọ̀ràn. Ẹ ò rí ohun ìríra? Mo sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Rúkà lórí fóònù. Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó fún Sùlé ní fóònù kí n bẹ òun náà, kí n sọ fún un pé èmi ni mo bí i. Rúkà ní, “Màámi, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu yín rí.” Ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀rọ̀ wo ló kù lẹ́nu mi tí ọmọ mi lè gbà gbọ́?