Abẹ́rẹ́ Méjì Lápá Ìkejì Mi

Ẹ bá mi pa rédíò yẹn. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wọlé, kí ẹ jókòó, kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí èyí tó kéré jù nínú yín kò tíì dáyé, òní ló sì gbọ́dọ̀ jáde. Ìyá àwọn ọmọ, gbé fóònù sórí tábìlì kí ọmọ wa tó wà lókè òkun lè máa gbọ́. Kò sí ohun tó ń ṣe mí o. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, inú mi sì dùn débi pé ó ku díẹ̀ kí n máa fò. Ẹ ṣáà má dá sí mi títí n ó fi sọ ọ́ tán. Mo mọ ara mi: bí mo bá dúró mí èémí, mo lè yí i padà.

Gbogbo yín lẹ mọ ìkejì mi, tí a jọ jẹ́ ìbejì, tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé yìí. Télọ̀ ni, aṣọ tó wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú yín, òun ló rán an. Ẹ sì mọ orúkọ tí à ń pè é: Sáfábẹ́rẹ́. Àwọn oníbàárà ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ pàápàá. Télọ̀ tó ń sá fún abẹ́rẹ́! A ti fi rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wa. Irọ́ ni orúkọ yẹn. Èmi ni mo pa á.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rán ọkùnrin yìí níṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wa, èmi tẹ̀lé e, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa irú wa, pé èmi ẹ̀gbọ́n ló ní kó lọ tọ́ ayé wò kó wá sọ fún mi bóyá ó dùn. Mo sọ ìyẹn di àṣejù. Bí oògùn bá korò, òun ló ń mu tèmi mọ́ tiẹ̀. Bí tíṣà bá pè mí pé kí n wá jẹgba, òun ló ń na ọwọ́. Ojú kan náà ni Ọlọ́run fún wa, ta ló fẹ́ mọ̀?

Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bí àkọ́bí wọn lórílẹ̀-èdè tí wọ́n wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ọmọ mi fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Bàbá Kejì, bó ṣe máa ń pè é. Inú ìkejì mi dùn ju tèmi lọ. Ó rán ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn fún àwa méjèèjì nítorí ẹ̀fọn. Gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ ló ń sọ fún pé, “Odò kan wà níbẹ̀, wọ́n ní èèyàn kì í rí òdìkejì rẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.”

A jọ lọ sí ọ́fíìsì ìlera àwọn arìnrìn-àjò. Bẹ́ńṣì onígi ni a jókòó lé, fíríìjì ńlá kan ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì àgbà kan dúró níwájú wa, ó ní, “Ẹ má mu omi tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ sè é, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n dé lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yìnyín sí i fún yín. Ẹ má fọwọ́ kan ajá, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀bọ, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ má wọ góòlù rìn nígboro. Ẹ ṣe ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn.” Ìkejì mi ń dáhùn bí ọmọ iléèwé. Èmi náà ń mi orí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó wà nínú àwo ni mo ń wò. Wẹ́dà ni mí, iná ti ta sí mi lápá àìmọye ìgbà, n kì í ṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ ni n kò lè rí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ yín, ó di ìgbà tí mo bá parí. Wọ́n kọ́kọ́ pe ìkejì mi. Bó ṣe wọlé, ọmọ kékeré kan ké nínú yàrá yẹn. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni mo gbà, n kò sì dúró títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìkejì mi wá bá mi níbẹ̀. “Nọ́ọ̀sì pè ọ́ títí. Ó ní kó o wá lọ́la.” Mo ní n kò lọ. Ó ní, “Kò tó nǹkan. Bí èèrà ṣe ń géni jẹ ló rí.” Mo ní, “Ìwọ náà bá mi lọ gbà á.” Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú mi, ó ní, “Èyí kì í ṣe oògùn tí mo lè bá ọ mu. Ibà pọ́njú ni wọ́n fi ń dènà. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò ní bi ọ́ pé ta ló gbà á fún ọ.” Ó sọ òótọ́, mo sì mọ̀. Síbẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò nínú èérún irin. Lọ́jọ́ kejì ó mú pásípọ́ọ̀tù mi, ó lọ. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni mo rí lánàá?” Ó ní, “Ìkejì mi lẹ rí.” Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó gún un ní apá kejì, ó sì kọ orúkọ mi sí káàdì abẹ́rẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, kò lè dìde. Bóyá abẹ́rẹ́ kejì ló fà á, bóyá òun kọ́, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dókítà kọjú sí mi, ó ní, “Bàbá, abẹ́rẹ́ mélòó ló gbà?” Ìkejì mi lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí. Ó ń dúró dè mí ni. Mo rò ó pé bí mo bá ní méjì, wọn yóò bi mí pé ta ló ni èkejì. Mo ní, “Ẹyọ kan ni, dókítà.” Ìkejì mi yíjú sí ògiri. Dókítà ní a jẹ́ pé ara rẹ̀ kò gba irú abẹ́rẹ́ yẹn, kó má rìnrìn-àjò yìí, kó má sì tún gbà á láé. Èmi nìkan ni mo lọ, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó rán.

Ẹ wá gbọ́ ìgbádùn tí mo jẹ lọ́hùn-ún. Ọmọ mi fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ wo odò. Mo gbọ́ pé ibà pọ́njú mú ẹnì kan ní abúlé òkè odò, ni mo bá wọ inú nẹ́ẹ̀tì, n kò jáde mọ́. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, mo dé fìlà, inú nẹ́ẹ̀tì ni mo ti gbé ọmọ tuntun. Ìyàwó ọmọ mi ní, “Bàbá mi mà mọ ìtọ́jú ara o.” Ọmọ mi, o gbọ́ báyìí. Ojo ni bàbá rẹ.

Ọjọ́ tí mo dé, ilé kún bí èyí. Ẹnìkan bi ìkejì mi pé kí ló dé tí kò bá mi lọ. Mo rí i tó la ẹnu. Ẹ̀rù bà mí, mo yára já a gbà: “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Sáfábẹ́rẹ́ ni! Ó gba ẹyọ kan, ó ṣubú lulẹ̀.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó ku àwa méjèèjì, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Odò ńkọ́?” Mo sì sọ odò fún un, odò tí n kò fojú kàn. Mo sọ àwọ̀ omi, mo sọ bí ọkọ̀ ṣe ń mì. Ó di ojú, ó ń gbọ́. Ìyẹn ló burú jù lójú mi. Mo gba ìrìn àjò lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba orúkọ rere rẹ̀, mo tún wá fi irọ́ tù ú nínú.

Lóṣù tó kọjá ni ọmọ mi pè pé ọmọ tí mo gbé nínú nẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ jáde iléèwé, ó sì fẹ́ rí mi. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ló wà. Ó ní, “Ẹ bá wa kí Bàbá Kejì. Ara wọn kò gbà á, a ò fẹ́ fi ẹ̀mí wọn wewu.” Mo lọ sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Ó dáa. Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́, ṣẹ́ẹ̀tì tàtijọ́ kò ní gbà ọ́ mọ́.” Ó na téèpù sí mi léjìká. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún, èmi àgbàlagbà, lójú oníbàárà.

Káàdì tó ní orúkọ mi ṣì wà, kò sẹ́ni tí ì bá bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, àwa méjèèjì padà lọ sí ọ́fíìsì ìlera yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ó yẹ̀ mí wò dáadáa nítorí ọjọ́ orí mi, kó tó gbà. Ó yẹ ìkejì mi náà wò, ó ní kò sóhun tó ní kó má rìnrìn-àjò, kò sì nílò abẹ́rẹ́ kankan mọ́. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo di bẹ́ńṣì mú. Ìkejì mi tì mí lẹ́yìn. “Lọ tọ́ ọ wò,” ó ní. “Bó bá dùn, kó o wá sọ fún mi.” Mo wọlé. Nígbà tí mo jáde, ó ní, “Báwo ló ṣe rí?” Mo ní, “Bí èèrà ṣe ń géni jẹ.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé n ó sọ ọ́ lójú gbogbo yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gba abẹ́rẹ́ yín fúnra yín, ẹ má rán ẹni tó fẹ́ràn yín. Ọmọ mi, wá tíkẹ́ẹ̀tì kejì. Bí kò bá sí, fi tèmi fún un, n ó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí yóò fi dé, kó wá sọ bí odò yẹn ṣe rí gan-an fún mi. Ìkejì mi, dárí jì mí. Ẹ wò ó, ó ti ń dìde, ojú ń tì í. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó lọ, ẹ kí i dáadáa. Bàbá Kejì ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá Sáfábẹ́rẹ́, èmi rèé.