Ẹni Tó Kọ Ọ́ Pé "Ọpẹ́ Ni Pé Ó Ti Kú"

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti pàṣẹ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi pamọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà tán lórí ẹní, mo ní kí n wo fóònù díẹ̀. Mo rí àwòrán obìnrin kan tí wọ́n kéde ikú rẹ̀ lórí Fesibúùkù. Gbogbo ènìyàn ń kẹ́dùn, àfi ọkùnrin kan tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọpẹ́ ni pé ó ti kú." N kò mọ̀ ọ́n rí. Inú bí mi, mo sì dá a lóhùn pé: "Apànìyàn! Ìwọ lo pa á. Olúwa á dá ọ lẹ́jọ́." Kíá ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín, tí wọ́n ń ṣépè fún un. Inú mi dùn pé mo gbèjà òkú. Bí mo ṣe gbórí lé ìrọ̀rí, oorun gbé mi lọ.

Obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ funfun ló jí mi. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, tẹ̀ lé mi."

A kọ́kọ́ dé ibi tí àwọn tó gba ilẹ̀ opó ti ń ru òkúta gbígbóná, tí wọn kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn wú débi pé ẹnu wọn kò lè padé. Mo ní, "Ó tọ́ sí wọn." A wá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, kò sí fèrèsé.

"Ta ló wà níbí, Ìyá?"

"Àwọn tó ń dá ẹjọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀."

Ó ṣílẹ̀kùn kan. Mo wọlé láti wò ó, ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin ará! Mo yí padà, kò sí ilẹ̀kùn mọ́, ògiri kàn mí láyà, ògiri kàn mí lẹ́yìn, n kò lè jókòó, n kò lè lóṣòó, mo sì ń gbọ́ àwọn ènìyàn níta tí wọ́n ń wí pé, "Apànìyàn ló wà níbẹ̀ yẹn," mo ní, "Èmi kọ́ o, tíṣà ni mí, n kò pa ẹnikẹ́ni rí," wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jiyàn," mo sunkún, wọ́n ní ẹkún ẹ̀tàn ni, mo dákẹ́, wọ́n ní ẹ ò rí i pé kò rí nǹkan sọ, gbogbo ohun tí mo bá sì ṣe, ṣe ni ògiri náà ń sún mọ́ mi sí i!

Ihò kékeré kan wà lára ògiri. Mo fi ojú kan wo ìta, mo rí ibi tútù kan, mo rí obìnrin inú àwòrán náà tó ń rìn nínú koríko.

Mo kígbe pé, "Ìyá, ẹ gbà mí! Èmi ni mo gbèjà yín."

Ó sún mọ́ ihò náà. "Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ apànìyàn tó ń dúpẹ́ pé ẹ kú."

Ó ní, "Ọkọ mi nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà lórí ìdùbúlẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń yí mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé tí mo bá lọ, kó bá mi dúpẹ́."

"N kò mọ̀, mà."

"O ò bi í." Ó sì padà sínú koríko.

N kò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó tí mo dúró nínú ògiri yẹn. Ohùn obìnrin aláṣọ funfun ni mo gbọ́ kẹ́yìn: "Padà lọ. Sọ ọ́ fún wọn."

Mo jí, òógùn bò mí. Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, mo sì béèrè ilé ọkùnrin náà títí mo fi débẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ní, "Bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n kọ ọ́ lórí fóònù pé ó pa ìyàwó rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ sì gbà á gbọ́."

Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo kọ ọ́." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rìn dé ẹnu ọ̀nà, tó sì dúró. Kò ṣílẹ̀kùn.

Ẹ bẹ̀rù, ẹ̀yin ará. Ẹ bi ènìyàn kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Mo tún ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn yìí. Nínú yín, ta ló ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà? Kó dìde, ká jọ lọ.