Ohùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Múrí

Ẹ bá mi ké Halelúyà! Ẹ tún un ké, kí àwọn tó wà lójú omi gbọ́ ọ! Ògo ni fún Ẹni tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹnu ara rẹ̀!

Ẹ̀yin bàbá wòlíì, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí bí mo bá bo apá kan mọ́lẹ̀, ọpẹ́ mi ò pé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti dúró síbí jẹ́rìí, ọ̀tá ló gbógun tì wọ́n. Tèmi kọ́. Èmi ni mo dá ogun sílẹ̀. Ọlọ́run ló bá mi pa iná rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Ìyá Tèmi, tó ń yan ẹja ní Abereke. Akíngbóyè apẹja lọkọ mi. Tèmi, ọmọ wa, wà nílé ìwé ní Òkìtìpupa, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo Wàsáàpù. Mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, fóònù ṣe mí lóore. Bí mo bá ya fọ́tò ẹja tó yan dáadáa, kí n tó kó o kúrò lórí iná, àwọn oníbàárà mi ní Igbókòdá àti Àkúrẹ́ á ti ní kí n kó o máa bọ̀. Bí ìjì bá ń bọ̀, ẹnì kan á ti sọ ọ́ fún àwa obìnrin ẹlẹ́ja lórí Wàsáàpù pé kí á má jẹ́ kí ọkọ wa lọ sókun. Ọlọ́run, o ṣeun!

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, Múráínà, Múrí ni gbogbo wa ń pè é. Mùsùlùmí ni. Bàbá rẹ̀ ló ń ta àwọ̀n fún àwọn bàbá wa, Abereke náà ni wọ́n sì bí Múrí sí. Òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ àti èmi, ọkọ̀ kan náà la jọ máa ń wọ̀ lọ bu omi mímu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi máa lọ sókun, òun àti Múrí jà. Ọkọ mi ní ẹ́ńjìnnì tó tún ṣe ń kú lójú omi. Múrí ní ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan, pé omi wà nínú epo tí ọkọ mi ń rà. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ọkọ mi gbé ẹ́ńjìnnì lé èjìká, ó ń lọ. Múrí bá pariwo tẹ̀lé e: “Bó o bá ti gbé e lọ báyìí, má padà wá bá mi mọ́!”

Ohun tó sọ nìyẹn, ará. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ọjọ́ kan, wọn ò dé. Ọjọ́ kejì, a ò rí wọn. Ìjì ti jà lójú òkun. Àwọn kan ní omi ti gbé wọn lọ, àwọn kan ní àwọn ajalèlókun ló gbé wọn. Mi ò lè jẹun. Ẹja jóná lórí ààrò mi, mi ò mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ìdí afárá pákó tí ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé lọ́dọ̀ wa. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, mo rí Múrí lókèèrè, òun àti oníbàárà kan ń rẹ́rìn-ín. Ará, ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára bí egungun ẹja. Mo tẹ fóònù, mo sì ká ohùn ara mi sílẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń sọ ọ́:

“Ẹ gbà mí o! Múrí ti ta ọkọ mi fún àwọn ajalèlókun! Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ọkọ mi ò ní padà! Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín!”

“Má padà wá bá mi” ni Múrí sọ. “Kò ní padà” ni mo fi ránṣẹ́. Àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí, obìnrin ẹlẹ́ja bíi tèmi ni gbogbo wọn. Mo sunkún tán, mo lọ sùn.

Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ò sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti dé Zion Pepe, ó ti dé Molutehin, ó ti dé ibi tí mi ò dé rí. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ ti lẹ fọ́tò Múrí mọ́ ọn, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹni tó ń ta àwọn apẹja wa rèé.” Oòrùn ò tíì gun òkè nígbà tí ọkọ̀ ayára mẹ́ta gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ́kùnrin ló kún inú wọn, tàdátàdá, tigitigi. Àwọn ti àdúgbò wa náà dara pọ̀ mọ́ wọn.

Wọ́n fi àáké fọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Múrí. Wọ́n wọ́ ọ jáde. Igi àkọ́kọ́ bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbọ́ bó ṣe dún. Wọ́n fi irin ẹ́ńjìnnì lù ú létí, ẹ̀jẹ̀ bo ọrùn rẹ̀. Ó ń pariwo pé, “Kí ni mo ṣe? Ẹ sọ ohun tí mo ṣe fún mi!” Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mú igi lọ́wọ́, fóònù ni wọ́n nà sókè, wọ́n ń ya fídíò.

Ẹ̀yin ará, mo wà níbẹ̀. Ẹ dárí jì mí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: inú mi dùn. Mo ní kí wọ́n lù ú kó jẹ́wọ́. Olúwa, ṣàánú mi!

Wọ́n wọ́ ọ lórí pákó títí dé ìdí afárá. Sìkírátù sáré tọ̀ mí wá, ìborí ti bọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Àgbà ló jẹ́ fún mi, ẹ gbọ́, ó kúnlẹ̀ fún mi! Ó di ẹsẹ̀ mi mú.

“Ìyá Tèmi, o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. O gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ. Ṣé ohun tó sọ nìyẹn? Ṣé ohun tó sọ nìyẹn?”

Mo sáré wọ àárín wọn. Mo ní, “Ẹ fi í sílẹ̀! Kò sọ bẹ́ẹ̀! Èmi ni mo yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ po!”

Ọ̀gá wọn wọ fìlà pupa. Ó wò mí, ó mú fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú fóònù rẹ̀: “Ẹ gbà mí o! Múrí ti ta ọkọ mi...”

Ó ní, “Màmá, ohùn ta nìyí?”

Mo ní, “Tèmi ni.”

Ó ní, “Wọ́n ti dẹ́rù bà yín ni. Ẹ bọ́ sẹ́yìn.”

Ẹ rí i, ará? Mo dúró níbẹ̀ tẹ̀jẹ̀tẹran, ohùn inú fóònù ni wọ́n gbà gbọ́.

Wọ́n mú jálá epo bẹntiróò nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń dà á sí Múrí lórí. Mo ṣubú lé e lórí, mo fi ara mi bò ó. Ẹnì kan ti ju àdá kó tó rí mi. Apá mi yìí ló bà. Ẹ wò ó, àpá rẹ̀ rèé. Epo dà sí mi lójú àti nínú ọgbẹ́. Múrí ń mí lábẹ́ mi bí ẹja tó wà lórí ilẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, “Bí ò bá fẹ́ dìde, ẹ jó wọn pọ̀.” Mo rí ìṣáná lọ́wọ́ onífìlà pupa.

Ará, fóònù mi dún ní ìdí ìró mi!

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù Múrí ni wọ́n ti fẹ́ jó o, kò ní dún láé, torí kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí afárá ni wọ́n wọ́ ọ wá. Ẹ yin Olúwa!

Tèmi ọmọ mi ló pè. “Màmi! Wọ́n ti rí Bàbá mi! Ẹnì kan gbé fọ́tò wọn sórí Fésíbúùkù pé ta ló mọ àwọn méjèèjì. Omi ló gbé wọn dé ìlú apẹja kan lọ́nà Bàyélsà. Wọ́n ya fídíò wọn, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín!”

Mo na fóònù sókè. Mo ń ké, “Ọkọ mi wà láàyè! Ẹ wò ó!” Fídíò ò ṣí. Ó ń yí, ó ń yí. Onífìlà pupa ní, “Irọ́ ni.” Ó ń yí. Mo ní, “Jésù, ṣí i!” Sìkírátù ń ké, “Yà Allah! Yà Allah!”

Ó ṣí.

Ojú Akíngbóyè ti wú, ètè rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n òun ni. Ó ní, “Ìyá Tèmi, a wà láàyè, èmi àti àbúrò mi. Ẹ bá mi sọ fún Múrí pé òótọ́ ló sọ, omi wà nínú epo yẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló gbé wa jáde nínú ìjì kí epo olómi tó pa á. Ẹ ní kó má bínú sí mi.”

A gbọ́ tí ìgbì ń lu òpó afárá. Igi kan bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ṣubú sómi. Onífìlà pupa wo ìṣáná ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sápò, ó sì yíjú sọ́nà ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn sá. Ṣé mo lè dúpẹ́ tán? Mi ò lè dúpẹ́ tán!

Ọkọ̀ kan gbé wa lọ sí ọsibítù. Dókítà wo Múrí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Egungun ìhà mẹ́ta ló ṣẹ́, yóò san. Ṣùgbọ́n etí òsì yìí, kò dá mi lójú pé yóò tún gbọ́ràn.” Kò sì tíì gbọ́ràn títí di òní.

Àwọn ọlọ́pàá wá. Fídíò tí àwọn èèyàn yà ni wọ́n fi dá àwọn tó lù ú mọ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá sọ fún mi pé, “Màmá, àwọn yẹn fi igi lù ú. Ẹ̀yin ni ẹ fi ẹnu yín rán wọn. Ó lè gbé yín dé ẹ̀wọ̀n.” Mo ní mo mọ̀. Wọ́n lọ bi Múrí lórí ibùsùn rẹ̀. Ohun tó sọ kì í ṣe ohun tí mo rò. Ó ní, “Mi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí jì í. Ẹ má fi ipá mú mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tì í mọ́lé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jó mi, òun náà wà nínú epo yẹn.”

Ọlọ́run Múrí, o ṣeun! Ọlọ́run mi, o ṣeun! Ọkọ mi padà dé lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn ìyẹn. Kò wọlé. Ilé Múrí ló kọ́kọ́ lọ, ó dọ̀bálẹ̀ lórí pákó.

Mo tún ohùn mi ká. Mo ní irọ́ ni mo pa, mo fi ránṣẹ́ síbi gbogbo. Ìwọ̀nba èèyàn ló fi èyí ránṣẹ́ síwájú. Irọ́ náà ṣì ń rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbátan mi kan ní Wàrì fi í ránṣẹ́ sí mi. Kò mọ ohùn mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin yìí o.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú wàhálà lónìí, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹni tí ẹ̀ ń wá lè wà láàyè ní etíkun tẹ́ ẹ ò mọ̀. Fóònù kan náà tó gbé irọ́ mi lọ ló gbé ọkọ mi padà wá. Mi ò ní kí ẹ jù ú sómi. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí yín, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ lọ kúnlẹ̀ ná.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Sìkírátù bá mi wá. Òun ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú fóònù yín jáde báyìí. Ẹ wá ohùn mi níbẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Ẹ pa á rẹ́, kí ìyàwó Múrí máa wò yín.

Mo ń dúró dè yín. Ẹ má kánjú. Kí Ọlọ́run gba ọpẹ́ mi.